Ẹrẹ̀ Tó Yọ́ ní Mizuochi

Omi dúdú ti ṣàn dé ẹnu ilẹ̀kùn kí àwa ọlọ́pàá tó débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó ń rùn bí ìsàlẹ̀ àmù tí ẹnikẹ́ni ò fọ̀ láti ọdún èṣí. Ọ̀gá mi, Inspẹ́kítọ̀ Uozumi Tomie, bọ́ bàtà, ó wọ sálúbàtà tí wọ́n tò sílẹ̀ fún àlejò, ó rìn dé iwájú fìrísà ńlá náà, ó lóṣòó, ó sì ti ìka bọ inú ohun tó ṣàn jáde.

"Nezu," ó pè mí, "kí lo rí?"

"Ẹrẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Orí ẹ pé. Ẹni tó bá rí ẹrẹ̀ tó sì pè é lẹ́rẹ̀, a lè bá a ṣiṣẹ́."

Bó ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn. Obìnrin tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì ni, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí mọ́.

Láàbù Ọ̀jọ̀gbọ́n Kuzuu Michiharu la wà, ní yunifásítì tó wà létí adágún Mizuochi. Ọ̀pá ẹrẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú fìrísà náà. Wọ́n á ti páìpù gígùn bọ ìsàlẹ̀ adágún, wọ́n á fà á jáde tòun tẹrẹ̀ inú ẹ̀, wọ́n á sì mú kó dì gbagidi kí ìlà inú ẹ̀ má bàa dàrú. Ọdọọdún ni adágún ń fi ìlà kan sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á mọ ọdún tí omi ya wọ̀lú, ọdún tí ẹja kú, àti ọdún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀. Láàárọ̀ yẹn, gbogbo ọdún ọ̀hún ti pò pọ̀ bí ọbẹ̀. Aago ara fìrísà fi hàn pé ọjọ́ Àìkú lẹnì kan yọ wáyà ẹ̀, ó ṣí ìdérí ẹ̀ sílẹ̀, ó tún gbé híítà kékeré kan síwájú ẹ̀ kí òtútù oṣù kejì má bàa ba iṣẹ́ ibi òun jẹ́.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, Inspẹ́kítọ̀," Ọ̀jọ̀gbọ́n Kuzuu wí. Irun ẹ̀ funfun, ó yà á dáadáa, kóòtù ẹ̀ ò ní ìdọ̀tí kankan. "Mo mọ ẹni tó ṣe é."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ṣe é nídìí iṣẹ́ yín? Ẹ kì í kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n wò kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí obìnrin kan tó kúnlẹ̀ nílẹ̀, tó ń fi ṣíbí kó ẹrẹ̀ sínú abọ́ díẹ̀díẹ̀. "Dókítà Orihara. Tiẹ̀ ni híítà yẹn, abẹ́ tábìlì ẹ̀ ló máa ń wà. Ìwé àdéhùn ẹ̀ máa parí lóṣù kẹta, a ò sì ní tún un ṣe. Inú ń bí i. Owó ará ìlú la fi fa ẹrẹ̀ yìí jáde, ẹ mú un kí oníròyìn tó gbọ́."

"Ẹrẹ̀ mi ni," obìnrin náà wí láìgbórí sókè.

"Ẹrẹ̀ láàbù ni," Ọ̀jọ̀gbọ́n dá a lóhùn.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Òfin ilẹ̀ wa ní olùwádìí tó bá fi ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́ oníwèé àdéhùn lójú kan náà lè béèrè fún iṣẹ́ gbére, agbanisíṣẹ́ ò sì gbọdọ̀ kọ̀. Òfin gidi ni. Ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ wá fi í ṣe ni pé, bó bá ti ku díẹ̀ kí ọdún mẹ́wàá pé, wọ́n á ní kí olúwarẹ̀ máa lọ sílé ẹ̀. Àbúrò mi obìnrin náà gboyè dókítà nínú ìmọ̀ kòkòrò inú omi, ìbánigbófò ló ń tà báyìí. Ìdí nìyẹn tí inú mi ò fi dùn láti ìgbà tí mo ti wọ láàbù yẹn.

Orihara Sayo ti lé lógójì ọdún. Ìrètí kan ṣoṣo ló kù fún un: wọ́n ti polówó iṣẹ́ gbére kan nínú láàbù yìí kan náà, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò máa wáyé ní Ọjọ́bọ̀, ẹrẹ̀ inú fìrísà ló sì fẹ́ fi hàn wọ́n. Ẹlòmíì tó ń du ipò náà nínú láàbù ni Dókítà Tobe Kenichiro, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bí ẹ̀sùn fìrísà bá lẹ̀ mọ́ Orihara, kì í ṣe iṣẹ́ yìí nìkan ló máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sí láàbù kankan tó máa tún ṣílẹ̀kùn fún un láéláé.

*

Ibi tí wọ́n ti ń se tíì lọ̀gá mi ti bá Orihara sọ̀rọ̀. Tobe ti gbé ike ewébẹ̀ oníyọ̀ kan sórí tábìlì níbẹ̀, ó ní ìyá òun ló ní kí òun kó o wá fún gbogbo èèyàn, pé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lòún wà lánàá tóun ń kó yìnyín kúrò lórí òrùlé. Ọ̀gá mi mú ewébẹ̀ kan, ó jẹ ẹ́, ó mú òmíì.

"Dókítà Orihara, níbo lẹ wà lánàá?"

"Ilé."

"Ta ló rí yín níbẹ̀?"

"Ológbò mi."

"Ológbò ò mọ̀ ọ́n fọwọ́ síwèé." Ọ̀gá mi na ọrùn wo ọwọ́ ẹ̀. Àmì pupa kéékèèké wà lẹ́yìn ọwọ́ méjèèjì, bíi ti ẹni tí òróró gbígbóná ta sí lára. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wádìí ẹrẹ̀, ṣé ẹ tún máa ń dín in ni?"

Orihara fa ọwọ́ aṣọ ẹ̀ wálẹ̀. "Mo dín ẹja jẹ nílé."

"Ẹja mélòó lológbò yín ń jẹ?"

Orihara gbójú sílẹ̀. Ojú ẹ̀ pọ́n. Èmi ti parí ẹjọ́ náà lọ́kàn mi: irọ́ lobìnrin yìí ń pa, híítà ẹ̀ sì nìyẹn, kí la tún ń wá kiri? Bá a ṣe jáde ni mo sọ ọ́.

"Òótọ́ ni pé irọ́ ló pa," ọ̀gá mi wí. "Àmọ́ irọ́ méjì ló wà, Nezu. Èèyàn lè parọ́ torí ọ̀ràn tó dá, ó sì lè parọ́ torí pé ojú ń tì í. Ọ̀dùnkún sísun ń wù mí jẹ. Jẹ́ ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin."

Mo rò pé ebi ló ń pa á lóòótọ́. Ó ra ọ̀dùnkún méjì, ó fún mi lọ́kan, ó bó tiẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ń ta ẹran díndín. Obìnrin oníbòmú kan ń da ẹran sínú òróró níbẹ̀, àmì pupa bíi ti Orihara wà lẹ́yìn ọwọ́ ẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Orihara wá síṣẹ́ lánàá?"

"Orihara? Ó wá o. Àtìgbà tá a ti ṣílẹ̀kùn títí tá a fi tì í ló wà nídìí òróró. Kì í pa ọjọ́ Àìkú jẹ." Obìnrin náà wò wá. "Kí ló ṣe? Ọmọ dáadáa ni o, kò lẹ́nu rárá."

"Kò ṣe nǹkan kan. Ṣé ẹ mọ̀ pé dókítà ni?"

"Dókítà? Dókítà tí ń fúnni lábẹ́rẹ́? Ẹ yéé, ó ní ilé ìwé lòún ti ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ la rò pé ó ń gbá níbẹ̀."

Ọ̀dùnkún tó wà lọ́wọ́ mi ò wù mí jẹ mọ́. A padà sínú ọkọ̀.

"Bí Kuzuu bá gbọ́ pé ó ń dín ẹran lópin ọ̀sẹ̀, á ní kò fọkàn síṣẹ́," ọ̀gá mi wí. "Kò fún un lówó tó lè tó o jẹun, kò sì fẹ́ kó wá òmíì. Wakọ̀, jọ̀ọ́."

*

Lọ́jọ́ kejì a padà lọ bá Màmá Yamanoi, akọ̀wé láàbù náà. Òun ló kọ́kọ́ wọlé ní ọjọ́ Ajé.

"Màmá, ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe láàárọ̀ yẹn fún mi," ọ̀gá mi wí. "Èyí tí ò níláárí gan-an ni mo fẹ́ gbọ́."

"Kí ni mo wá ṣe? Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ìkòkò òdòdó, gbogbo wa la mọ ibẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn. Mo bọ́ bàtà. Mo tanná. Mo yí òòfà mi, mo yí ti Dókítà Tobe padà, mo gbé omi tíì kaná, ìgbà yẹn ni mo wá gbọ́ òórùn—"

"Ẹ dúró. Ẹ yí ti ta ni padà?"

"Ti Dókítà Tobe. Ó gbàgbé ẹ̀ sí pupa. Ọmọdé ni wọ́n, orí wọn kì í pé síbì kan."

Pátákó kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Orúkọ gbogbo èèyàn láàbù wà lára ẹ̀, kálukú lórí pèlébé òòfà tiẹ̀, bí ipò wọn ṣe ga sí: Ọ̀jọ̀gbọ́n lókè pátápátá, akẹ́kọ̀ọ́ nísàlẹ̀. Ojú pupa ni pé èèyàn wà nínú ilé, ojú funfun ni pé ó ti lọ. Ẹni tó bá ń wọlé á yí tiẹ̀, ẹni tó bá ń jáde á tún yí i, ì báà ṣe oúnjẹ ọ̀sán ló fẹ́ lọ jẹ. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá mì tìtì, òun làwọn panápaná máa fi mọ ẹni tí wọ́n máa wú jáde.

Ọ̀gá mi kan ilẹ̀kùn Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ẹ dákun, ta ló tilẹ̀kùn láàbù gbẹ̀yìn lọ́jọ́ Ẹtì?"

"Èmi ni."

"Ẹ wo pátákó yín kẹ́ ẹ tó lọ?"

"Mi ò tíì fi òòfà pupa sílẹ̀ lọ sílé rí láyé mi," Kuzuu wí, bí ẹni tí wọ́n bú. "Ẹni tó bá gbàgbé, mo máa ń pè é lórí fóònù kó padà wá yí i. Funfun ni gbogbo wọn lọ́jọ́ Ẹtì."

"Ẹ ṣeun. Èèyàn gidi ni yín nídìí òòfà."

Ó padà síwájú pátákó, ó fi ìka kan àyè kan tó ṣófo lábẹ́ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n, lókè ti Orihara àti Tobe. "Màmá, ta ló nibí?"

"Ẹ̀n... ẹni tí wọ́n bá gbà ni." Màmá Yamanoi wo dúrọ́ọ̀ tábìlì ẹ̀, ó sì yára gbójú kúrò. Èmi ò ka ìyẹn sí. Ọ̀gá mi kà á sí.

*

"Ọ̀gá," mo wí ní kọ̀rọ̀, "ṣé kì í ṣe pé ẹnì kan ló fẹ́ kó bá Tobe?"

"Híítà la fi ń kó báni, Nezu, ohun tó ń tàn yanran lójú gbogbo èèyàn. Ta ló máa fi ohun tí akọ̀wé á yí padà láìronú kó bá èèyàn? Ẹni tó yí òòfà yẹn ò mọ̀ pé òun yí i."

"Báwo lèèyàn ṣe máa yí nǹkan láìmọ̀?"

"Ṣé o tilẹ̀kùn ilé ẹ láàárọ̀ yìí?"

Mo rò ó títí. Mi ò lè rántí.

"Ṣó o rí i? Wá, kó o wá wo ọwọ́ èèyàn."

Tobe wà nídìí tábìlì ẹ̀. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, awò ojú ẹ̀ tóbi ju ojú ẹ̀ lọ. Ọ̀gá mi sún mọ́ ọn bí ẹni tó wá gbàwìn.

"Dókítà, ẹ gbà mí. Orí mi ò gbé ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ yìí. Báwo lẹ ṣe ń mọ ọdún kan yàtọ̀ sí èkejì? Ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn, ẹsẹ̀ ń ro mí."

Ojú Tobe tàn. Mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn ẹrẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. "Ìlà funfun ni ìgbà ìrúwé, Inspẹ́kítọ̀, ìlà dúdú ni ìgbà òtútù, tí nǹkan bá ń kú sínú omi. Bẹ́ ẹ bá wá rí ìlà tó nípọn, omi ló ya lọ́dún náà..." Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń rìn, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó, wọ́n bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣì ń sọ ọ́.

"Dókítà," ọ̀gá mi dá a dúró, "kí lẹ fọwọ́ ọ̀tún yín ṣe níbi ilẹ̀kùn?"

"Ọwọ́ mi? Kò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ wẹ̀yìn."

Ó wẹ̀yìn. Òòfà ẹ̀ ti di funfun. Ó wò ó, ó wo ọwọ́ ẹ̀, àfi bíi pé ọwọ́ ẹlòmíì ni.

"Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ ò yí i nígbà tẹ́ ẹ wọlé," ọ̀gá mi wí jẹ́jẹ́. "Ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹ wá. Àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ ń jáde, ẹ̀rù ti bà yín, ọkàn yín ti kúrò níbẹ̀, ọwọ́ yín sì ṣe ohun tó ti ń ṣe lójoojúmọ́ láti ọdún mélòó kan. Funfun ló wà tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di pupa."

"Ilé ìyá mi ni mo wà. Ẹ jẹ ewébẹ̀ wọn!"

"Mo jẹ ẹ́, ó dùn. Mo pè wọ́n láàárọ̀ yìí kí n lè dúpẹ́." Ohùn ọ̀gá mi rẹlẹ̀. "Wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù làwọn fi ewébẹ̀ náà ránṣẹ́. Wọ́n ní ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ pọ̀, ẹ ò lè wá, aládùúgbò ló bá wọn kó yìnyín òrùlé. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa jẹun dáadáa."

Tobe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bọ́ awò ojú ẹ̀.

"Ìwé àdéhùn tèmi náà ń parí," ó wí. "Ìyàwó mi ń retí ọmọ. Ipò kan ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi Orihara mọ iṣẹ́ jù mí lọ, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Tí wọ́n bá gbé ẹrẹ̀ yẹn síwájú ìgbìmọ̀, kí lèmi fẹ́ gbé síwájú wọn? Èmi ni mo bá wọn di páìpù mú nígbà tá a fà á jáde lórí yìnyín. Èmi náà ni mo tún yọ́ ọ."

"Híítà ńkọ́?"

"Òun ló wà nítòsí. Mi ò rò ó pé wọ́n máa nawọ́ sí Ẹ̀gbọ́n."

"O rò ó," ọ̀gá mi wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pè é ní "o". "Bí ogún híítà ló wà nínú ilé yìí. Tábìlì ẹ lo kọjá kó o tó dé tiẹ̀."

Tobe fi ọwọ́ aṣọ ẹ̀ nu ojú.

*

A kó gbogbo wọn jọ sínú láàbù. Orihara gbọ́ ọ ní ìdúró, abọ́ ẹrẹ̀ ẹ̀ lọ́wọ́. Ó kàn wo Tobe títí tí ìyẹn fi sorí kọ́.

"Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn," Ọ̀jọ̀gbọ́n Kuzuu wí. "Ó dùn mí gan-an. Dókítà Orihara, mo tọrọ gáfárà fún àsọjù. Ẹ ṣì lè wá ní Ọjọ́bọ̀, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá rántí."

"Kò tíì parí," ọ̀gá mi wí. "Màmá Yamanoi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí dúrọ́ọ̀ yín."

Màmá Yamanoi wo Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo fèrèsé. Obìnrin àgbà náà ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú pèlébé òòfà tuntun kan jáde, ọ̀rá ṣì wà lára ẹ̀. Orúkọ tó wà lójú ẹ̀ ni Ishigooka. Kì í ṣe Orihara, kì í ṣe Tobe.

"Ta nìyẹn?" Tobe béèrè.

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ni," Kuzuu wí. "Tokyo ló wà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. A gbọ́dọ̀ polówó iṣẹ́ ní gbangba, ìlànà ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ipò yìí, àwa àgbà ti jọ fẹnu kò sí i..."

"Láti ìgbà wo?" Orihara ló béèrè.

Màmá Yamanoi ló dáhùn, omi lójú ẹ̀. "Láti ìgbà tí ewé ń wọ́, kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní òòfà máa ń pẹ́ kó tó jáde, pé kò gbọdọ̀ ku ọ̀kan lára pátákó lọ́jọ́ tó bá wọṣẹ́. Èmi ni mo lọ gbà á. Ẹ dárí jì mí."

"Kí lẹ wá ń fi àwa méjèèjì ṣe ní Ọjọ́bọ̀?" Orihara tún béèrè.

"Bí ẹnì kan ṣoṣo bá wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò," Kuzuu wí, "kò ní bójú mu."

Tobe bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín burúkú ni, mi ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ mọ́. Ó ti ba iṣẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ jẹ́, ó ti ba ayé ara ẹ̀ jẹ́, torí oúnjẹ tí ẹlòmíì ti jẹ tán.

Mo sọ ọ́ sí ọ̀gá mi létí. "Ọ̀gá, ṣé a ò lè mú òun náà?"

"Lẹ́sùn wo? Pé ó ra òòfà?"

A mú Tobe jáde. Bó ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó dúró, ọ̀gá mi sì ní kí n jẹ́ kó dúró. Òòfà ẹ̀ ṣì wà ní funfun. Ó yọ ọ́ kúrò lára pátákó, ó fi lé Màmá Yamanoi lọ́wọ́.

Orihara tẹ̀ lé wa. Ó já ọ̀rá ara òòfà tuntun, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè tó ṣófo lábẹ́ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì kọ ojú pupa síta.

"Ẹ jẹ́ ká fi í síbi tó yẹ," ó wí. "Àtìgbà tí ewé ń wọ́ ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ó yí tiẹ̀ sí funfun. Ó wọ bàtà. Ìgbà yẹn ló rántí pé abọ́ ẹrẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ òun, ó padà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Kuzuu, ó tẹrí ba fún un bó ṣe yẹ kéèyàn tẹrí ba fún ọ̀gá.

"Ẹrẹ̀ láàbù nìyí o, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ó bọ́ sínú yìnyín, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wa láìwo inú ẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì gbé abọ́ náà dání níwájú pátákó ẹ̀, omi dúdú ń kán sára kóòtù ẹ̀, kò sì mọ ibi tí ì bá gbé e kalẹ̀ sí.